Ewé Tó Ń Pọ́n Nínú Pálọ̀

Klorofíìlì ló ń sọ ewé di tútù. Apòògùn ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, ló fún un lórúkọ yìí ní 1817, ọdún mẹ́ta ṣáájú kí àwọn méjèèjì kan náà tó yọ kuníìnì jáde lára èèpo igi. Klorofíìlì kì í wà títí. Ojoojúmọ́ ló ń bàjẹ́ nínú ewé, ojoojúmọ́ sì ni ewé ń ṣe òmíràn dípò èyí tó bàjẹ́. Àwọ̀ ìyeyè ní tirẹ̀ ti wà nínú ewé láti ọjọ́ tó ti là. Ìbátan ohun tó pọ́n kárọ́ọ̀tì àti epo pupa ni, àmọ́ àwọ̀ tútù ti bò ó mọ́lẹ̀. Bí ewé kò bá lè ṣe klorofíìlì mọ́, tàbí tí èyí tó ń bàjẹ́ bá pọ̀ ju èyí tó ń ṣe lọ, àwọ̀ tútù á ṣí kúrò, ìyeyè á sì hàn síta. Omi àpọ̀jù lè fà á, òùngbẹ lè fà á. Òkùnkùn, ebi, èéfín, kòkòrò àti ogbó náà lè fà á. Ní ọ̀ọ́kán, gbogbo wọn jọra. Ẹni tó bá wo àwọ̀ nìkan kò lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń da ajílẹ̀ sí ohun ọ̀gbìn tó jẹ́ pé omi ló ń pa á lọ.

Ní Mowé àti Ìbafò, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, àti ní Ifọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, gbígbin nǹkan sínú ilé kì í ṣe àṣà àwọn olówó mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni ilé ti ń fún ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ iwájú ilé kéré, intálọ́ọ̀kì sì ti bo èyí tó kù, ni efinrin àti ata bá bọ́ sínú rọ́bà ọ̀dà ní bákónì, tí àwọn tí wọ́n ń pè ní fúláwà sì wọ inú pálọ̀. Lára àwọn fúláwà yìí, méjì kì í ṣe àlejò rárá. Pèrègún tí wọ́n fi ń pààlà oko ni ohun ọ̀gbìn tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń gbé sí ọ́fíìsì wọn. Dracaena fragrans ni wọ́n ń pè é nínú ìwé. Ọ̀já ìkòokò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní orúkọ snake plant, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni òun náà ti ṣẹ̀ wá, àyẹ̀wò àbùdá sì ti mú kí àwọn onímọ̀ kó o mọ́ ìdílé pèrègún. Ó dùn mọ́ni láti rí ẹni tó fa pèrègún tu lójú ààlà ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí, tó tún wá fowó gidi ra òmíràn nínú ìkòkò tánganran.

Àwọn méjèèjì ń fara da oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ níta láìsí ẹni tó ń tọ́jú wọn. Bí wọ́n bá wá ń pọ́n nínú ilé, inú ilé náà ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ fura sí.

Kó tó dé ibẹ̀, àwọn ewé kan wà tí pípọ́n wọn kì í ṣe àìsàn. Irú pèrègún kan wà tó ní ilà ìyeyè gbọọrọ láàárín ewé. Money plant náà máa ń ní àbàwọ́n aláwọ̀ góòlù, kúrótọ̀n sì lè pọ́n látòkè délẹ̀. Irú ìyeyè yìí ti wà lára ewé láti ìgbà tó ti là, etí rẹ̀ mú ṣáká, kì í sì í gbilẹ̀ sí i. Èkejì ni ogbó. Bí pèrègún bá ṣe ń ga, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa pọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á gbẹ, á sì já bọ́, tí yóò fi ku igi lásán nísàlẹ̀ àti ìdì ewé lókè. Ewé kan láàárín oṣù kan kò tó ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ sáré. Ìkẹta ni ti ohun ọ̀gbìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Abẹ́ àwọ̀n, níta, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, ni olùtà ti tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó bá dé kọ̀rọ̀ pálọ̀, ewé tó ní pọ̀ ju èyí tí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ lè bọ́ lọ, ó sì máa ń ju díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ìjà láàárín oníbàárà àti olùtà òdòdó ni ọ̀rọ̀ yìí nìkan ń dá sílẹ̀.

Ibi tí ìyeyè ti bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Àwọn èròjà oúnjẹ kan wà tí ohun ọ̀gbìn lè yọ kúrò lára ewé àgbà kó sì gbé e lọ fún ewé ọmọdé nígbà tí ìyà bá dé: náítrójìn, fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, potásíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù wà lára wọn. Bí irú àwọn wọ̀nyí bá wọ́n, ewé ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n. Àwọn mìíràn kò ṣeé ṣí nípò mọ́ bí wọ́n bá ti wọ ara ewé tán. Irin, máńganíìsì àti imí ọjọ́ wà níbẹ̀. Tí àwọn yẹn bá wọ́n, ewé àgbà á dúró ní tútù, ọ̀mùnú òkè ni yóò sì pọ́n. Lẹ́yìn èyí ni kí ènìyàn wo iṣan ewé. Bí gbogbo ojú ewé bá pọ́n bákan náà, tiṣantiṣan, ọ̀nà kan nìyẹn. Bí iṣan bá dúró ní tútù tí àárín wọn sì pọ́n bí àwọ̀n tí wọ́n nà sórí aṣọ ìyeyè, ọ̀nà mìíràn ni. Bí ó bá jẹ́ etí ewé nìkan ni, tàbí àmì tóótòòtó, àwọn náà ní ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí. Kò sí ìdí láti ra ohunkóhun kí ènìyàn tó dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí: ewé wo, apá ibo lára ewé, àti báwo ni erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ ṣe rí.

Nínú ilé, erùpẹ̀ tó rin jù ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìyeyè. Gbòǹgbò ń mí, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ló sì ń lò, èyí tó ń gba àárín erùpẹ̀ wọlé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí omi bá kún gbogbo àlàfo erùpẹ̀, ọ́síjìn kò tètè dé mọ́, nítorí pé ìrìn rẹ̀ nínú omi fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 lọ́ra ju ìrìn rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lọ. Gbòǹgbò á kú, á máa jẹrà, àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín bíi Pythium á sì wọlé tọ̀ ọ́. Ìbátan Pythium ni Phytophthora, èyí tó ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi, tí gbogbo àgbẹ̀ kòkó sì mọ ọṣẹ́ rẹ̀ nígbà òjò. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé ohun ọ̀gbìn tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà kò lè mu omi mọ́, nítorí náà ó máa ń rọ bí èyí tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹni tó ni ín á rí i tó rọ, á sì tún bu omi sí i.

Ìka ọwọ́ ni irinṣẹ́ àyẹ̀wò. Kí ènìyàn ti ìka bọ erùpẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ibẹ̀ bá tutù tí ewé ìsàlẹ̀ sì ń pọ́n, tó rọ̀ lọ́wọ́, omi ti pọ̀ jù. Bí ibẹ̀ bá gbẹ táútáú, tí erùpẹ̀ ti ya kúrò lára ìkòkò, tí ewé tó pọ́n sì ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, òùngbẹ ni. Bí ó bá ṣì rúni lójú, kí wọ́n dojú ìkòkò dé, kí wọ́n rọra yọ ohun ọ̀gbìn náà jáde. Gbòǹgbò tó sàn a máa funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀, á sì le lọ́wọ́. Èyí tó ti jẹrà á dúdú, á máa yọ̀, èèpo rẹ̀ á sì bọ́ sílẹ̀ lára okùn inú bí wọ́n bá fà á. Òórùn rẹ̀ pàápàá tó láti jẹ́rìí. Àwọn kòkòrò kékeré tó ń fò lẹ́nu ìkòkò nígbàkígbà tí wọ́n bá gbé e náà jẹ́ ẹlẹ́rìí pé erùpẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ.

Rọ́bà ọ̀dà tí wọn kò lu ihò sí nídìí wà lára ohun tó ń fa èyí. Èkejì ni ìkòkò aláràbarà tí wọ́n fi bo ìkòkò gidi, tí omi ń rọra kún ìdí rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Ìkẹta ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀pa tó pọ́n, tó pọ̀ ní ìtòsí àwọn ìlú wọ̀nyí, dára níta níbi tí ekòló àti gbòǹgbò igi ń là á, ṣùgbọ́n nínú ìkòkò ó máa ń dì gbagidi lẹ́yìn tí wọ́n bá bomi rin ín ní ìgbà díẹ̀. Yanrìn tí wọ́n fi dí àbàtà ní apá Ìbafò kí wọ́n tó kọ́lé sí i jẹ́ òdìkejì rẹ̀: omi ń gbà á kọjá wéré, kò sì ní oúnjẹ nínú. Àpòpọ̀ ilẹ̀dú, yanrìn oníhóró ńlá àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa ló sàn ju méjèèjì lọ.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ so mọ́ ti omi gírígírí. Ojú ènìyàn máa ń bá òkùnkùn mu débi pé pálọ̀ á dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Òṣùwọ̀n kò gbà bẹ́ẹ̀: oòrùn ọ̀sán gangan níta lè tó 100,000 lux, nígbà tí àárín pálọ̀ tí kọ́tìnì àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lójú fèrèsé rẹ̀ lè má tó 500. Ohun ọ̀gbìn tí ìmọ́lẹ̀ kò tó á na ọrùn sí ọ̀nà fèrèsé, ọ̀pá rẹ̀ á tẹ́ẹ́rẹ́, àlàfo àárín ewé rẹ̀ á gùn, ewé tuntun á kéré, ti ìsàlẹ̀ á sì máa pọ́n. Ọ̀nà ìdánwò kan rọrùn: kí wọ́n tẹ́ bébà funfun síbi tí ìkòkò wà ní ọ̀sán, kí wọ́n na ọwọ́ sókè rẹ̀. Bí òjìji ọwọ́ bá hàn ketekete, ìmọ́lẹ̀ wà. Bí ó bá kàn ṣú fẹ́ẹ́rẹ́ láìní etí, ọ̀já ìkòokò nìkan àti àwọn onísùúrù bíi tirẹ̀ ló lè gbé ibẹ̀ pẹ́.

Ibí yìí ni ìwé àti fídíò láti òkè òkun ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà jù. Wọ́n á ní kí wọ́n gbé ìkòkò sí ojú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù, nítorí pé lọ́dọ̀ tiwọn, gúúsù ni oòrùn ọ̀sán ń wà jálẹ̀ ọdún. Mowé, Ìbafò àti Ifọ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 péré sí àríwá agbedeméjì ayé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà níbẹ̀. Ní àwọn oṣù yòókù ló ń padà sí gúúsù. Nígbà tó bá sì ń kọjá láti apá kan sí èkejì, orí ilé gan-an ló ń dúró sí. Fèrèsé gúúsù tó ń gba oòrùn ọyẹ́ dáadáa ní oṣù kìíní kì í rí i mọ́ ní oṣù kẹfà, nígbà tí kùrukùru òjò sì tún bo ojú ọ̀run. Ohun ọ̀gbìn tó wà níbẹ̀ kò ní mu omi tó bó ṣe ń mu tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó ni ín kò bá dín omi kù, tí ife omi tó ń bù sí i nígbà ọyẹ́ náà ló ṣì ń bù sí i nígbà òjò, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ní oṣù keje, wọ́n á sì sọ pé òjò ló dé. Fèrèsé ìlà oòrùn ló bá ọ̀pọ̀ mu: oòrùn àárọ̀ ń wọlé síbẹ̀ jálẹ̀ ọdún, kò sì gbóná tó ti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ohun ọ̀gbìn láti inú òkùnkùn bọ́ sí oòrùn, kó ṣe é díẹ̀díẹ̀, nítorí ewé tí kò mọ oòrùn máa ń bó, á di àbàwọ́n funfun tó ṣì ń pọ́n létí.

Ìyeyè tó fara sin jù ní agbègbè yìí ni ti símẹ́ǹtì àti òkúta ẹfun. Lójú ọ̀nà láti Ifọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta ni Ewékorò wà, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun láti nǹkan bí 1960 fún símẹ́ǹtì. Ní Mowé àti Ìbafò, ilé tuntun kò dáwọ́ dúró, kò sì sí àgbàlá tí àjẹkù kọnkéré, eruku símẹ́ǹtì àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kò sí nínú erùpẹ̀ rẹ̀. Inú àgbàlá yẹn ni wọ́n ti ń bu erùpẹ̀ sínú ìkòkò. Omi tó bá kọjá lára símẹ́ǹtì tútù lè ní pH (òṣùwọ̀n tó ń ga bí kíkan omi tàbí ilẹ̀ bá ṣe ń dín kù) tó ju 12 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn inú ìkòkò ló fẹ́ erùpẹ̀ tí pH rẹ̀ wà láàárín 5.5 sí 6.5. Bí pH bá ti ń gòkè ní ìwọ̀n kan, irin tó lè yọ́ sínú omi erùpẹ̀ ń dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po 1,000. Ilẹ̀ pupa ibẹ̀, irin ló fún un ní àwọ̀ pupa tó ní. Ohun ọ̀gbìn á sì dúró láàárín irin, ebi irin á máa pa á. Ewé ọmọdé òkè á pọ́n, iṣan wọn á dúró ní tútù ṣínṣín. Bí ó bá pẹ́, ewé tuntun á jáde ní funfun.

Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Eusèbe Gris ló kọ́kọ́ tú àṣírí àìsàn yìí ní 1843, nígbà tó rí i pé ewé tó ti pọ́n tún ń padà di tútù bí wọ́n bá fi omi iyọ̀ irin kàn án. Àwọn kan máa ń ri ìṣó ògbólógbòó mọ́ erùpẹ̀ láti fún ohun ọ̀gbìn ní irin. Kò ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ símẹ́ǹtì. Ìpáàrà ni ìṣó ń dà níbẹ̀, ìpáàrà sì ni irin tí ilẹ̀ pupa ti ní lọ́pọ̀ yanturu tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti omi kànga-ẹ̀rọ tó ń fi ipa pupa sílẹ̀ nínú garawa: irin rẹ̀ ti dì kó tó dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò. Eérú tí àwọn mìíràn ń dà sí ìdí ohun ọ̀gbìn nítorí kòkòrò tún ń dá kún un, torí eérú náà ń gbé pH ga. Láti mọ̀ bóyá símẹ́ǹtì tàbí ẹfun wà nínú erùpẹ̀, kí wọ́n bu díẹ̀ tó ti gbẹ sínú àwo, kí wọ́n da ọtí kíkan lé e. Bí ó bá hó ṣùùṣùù, kò sí oògùn tó dára ju pé kí wọ́n da erùpẹ̀ yẹn nù, kí wọ́n fi omi ṣan gbòǹgbò, kí wọ́n sì wá ilẹ̀ mìíràn lọ sí oko, jìnnà sí ibi ìkọ́lé.

Oko náà ní wàhálà tirẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbin ṣokoyòkòtò tàbí tòmátì sí lọ́dọọdún máa ń ní àwọn aràn tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń wọ gbòǹgbò, tí gbòǹgbò sì ń wú kókókó. Ohun ọ̀gbìn tí wọ́n bá mú á pọ́n bí ẹni tí ebi ń pa, ajílẹ̀ kò sì ní ràn án lọ́wọ́. Kí wọ́n bomi rin ilẹ̀ náà, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí wọ́n sì sá a sínú oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó lò ó. Oòrùn oṣù kejì ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa.

Ebi náítrójìn ni èyí tí gbogbo ènìyàn tètè ń rò, ó sì wà lóòótọ́. Ewé ìsàlẹ̀ á pọ́n tiṣantiṣan, gbogbo ara ohun ọ̀gbìn á rẹ̀ wẹ̀sì, kò ní dàgbà. Ó máa ń bá ohun ọ̀gbìn tó ti wà nínú ìkòkò kan fún ọdún púpọ̀, tàbí èyí tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú pákó tútù láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú mọ́ erùpẹ̀ rẹ̀. Àwọn ohun abẹ̀mí tó ń jẹ pákó yẹn nílò náítrójìn fún iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń gbà á mọ́ gbòǹgbò lọ́wọ́. Ebi potásíọ̀mù ń pọ́n etí ewé àgbà, á sì jó o. Ti magnẹ́síọ̀mù ń pọ́n àárín iṣan lára ewé àgbà, iyọ̀ Epsom díẹ̀ nínú omi sì ń tán an. Ajílẹ̀ NPK 15-15-15 tí àwọn àgbẹ̀ ń lò wúlò nínú ìkòkò bí wọ́n bá yọ́ ọ sínú omi púpọ̀, kó má ju ṣíbí tíì kan sí gálọ́ọ̀nù omi kan lọ, lórí erùpẹ̀ tó ti tutù ṣáájú. Ìgbẹ́ adìẹ tútù léwu jù ú lọ. Ilé adìẹ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni láàárín Mowé sí Ọ̀fàdà, ìgbẹ́ rẹ̀ kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n amóníà inú rẹ̀ ń jó gbòǹgbò. Àfi kó ti wà nínú òkìtì fún oṣù mélòó kan, kó má rùn mọ́. Bí nǹkan funfun bí iyọ̀ bá ti ń yọ sójú erùpẹ̀ tàbí ẹnu ìkòkò, tí ṣónṣó ewé sì ń gbẹ, ajílẹ̀ ti pọ̀ jù, omi mímọ́ púpọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi ṣàn án kọjá.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ jẹ́ okùnfà tí ìwé òkè òkun kì í sábà mẹ́nu bà. Afẹ́fẹ́ ẹ́tílìn wà nínú èéfín yẹn. Ará Rọ́ṣíà kan, Dimitry Neljubow, ló fi hàn ní 1901 pé ẹ́tílìn tó ń jò láti inú gáàsì àtùpà ló ń yí ìdàgbà ẹ̀wà pea inú yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ padà. Ohun kan náà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń tú jáde tó ń mú kí èkejì rẹ̀ tètè pọ́n nínú àpò. Lára ewé, ó ń yára mú ogbó wá: ewé tó sàn lánàá á pọ́n, á sì já bọ́ nígbà tó ṣì tutù díẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé onírúurú ohun ọ̀gbìn tó wà ní apá kan ilé ló ń pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, apá tí jẹnẹrétọ̀ tàbí ti aládùúgbò wà. Àwọn olùtà kan ń sọ pé ọ̀já ìkòokò ń jẹ èéfín. Ìwádìí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ti 1989 ni ìsọkúsọ yìí ti ṣẹ̀ wá: inú àpótí kékeré tó dé pa ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Cummings àti Waring, tún ọ̀pọ̀ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò ní 2019, wọ́n rí i pé àfi kí ìkòkò òdòdó kún yàrá dé ẹnu ọ̀nà kó tó lè ṣe ohun tí ṣíṣí fèrèsé ń ṣe. Nínú ilé tí èéfín ń wọ̀, ènìyàn àti ohun ọ̀gbìn ló ń jìyà pọ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ni ó yẹ kó ṣí kúrò.

Kòkòrò ló kù. Ìyeyè tiwọn máa ń jẹ́ tóótòòtó, bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ojú ewé. Kí wọ́n yí ewé padà, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí eruku sì bo gbogbo nǹkan, àwọn ìbátan aláǹtakùn tí wọn kò tó orí abẹ́rẹ́ máa ń pọ̀ sí i, wọ́n á ta okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí abẹ́ ewé. Bí wọ́n bá gbọn ewé sórí bébà funfun, àmì pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tó ń rìn á hàn. Kòkòrò funfun bí òwú ń fara pamọ́ sí ìgbáròkó ewé, ó sì ń mu omi ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú ìdílé yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ẹ̀gẹ́ Áfíríkà jẹ́ lẹ́yìn tó wọ Kóńgò ní nǹkan bí 1973. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, kó agbọ́n tíntìntín kan wá láti Paraguay, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sóko ní 1981, ó sì ṣẹ́gun rẹ̀ débi pé Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Agbọ́n kì í wọ pálọ̀, nítorí náà aṣọ tí wọ́n rì bọ omi ọṣẹ ni ohun ìjà ibẹ̀. Kí wọ́n nu abẹ́ ewé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ títí kòkòrò kò fi ní sí mọ́, kí wọ́n sì gbé ìkòkò náà jìnnà sí àwọn yòókù. Dichlorvos, oògùn apakòkòrò tó wà nínú ota-piapia, kò yẹ nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti gbógun ti títa ìgò rẹ̀ kéékèèké ní 2019. Bí ìyeyè bá jẹ́ àbàwọ́n tó lọ́ ewé po, bíi ti ẹ̀gẹ́ tí àrùn mòsáíkì mú, fáírọ́ọ̀sì ni, kò sí oògùn. Kí wọ́n fà á tu kí kòkòrò tó gbé e dé ọ̀dọ̀ ata tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, ewé tó ti pọ́n kọ́ ni kí wọ́n máa wò. Èyí tí ebi irin mú lè padà di tútù bí ó bá ṣì kéré; èyí tí omi, òkùnkùn tàbí ogbó ti pọ́n kì í sábà padà mọ́, kí wọ́n sì gé e kúrò bí ó bá ti gbẹ tán. Ewé tuntun tó là lẹ́yìn ìtọ́jú ni ẹ̀rí, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó hàn, ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀já ìkòokò tó ń lọ́ra. Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n yí padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tó bá pààrọ̀ erùpẹ̀, tó ṣí ìkòkò nípò, tó sì da ajílẹ̀ sí i lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Bí gbogbo gbòǹgbò pèrègún bá ti jẹrà, kí wọ́n gé ọ̀pá rẹ̀ níbi tó ṣì le, lókè ibi tó rọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n gé gbẹ fún ọjọ́ kan, kí wọ́n sì rì í sínú yanrìn tó tutù díẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà àmọ́ tí oòrùn kò ti ràn án tààrà. Yóò ta gbòǹgbò mìíràn.